Ilé Amọ̀ Kì í Ṣe Ilé Òtòṣì

Bí oòrùn ọ̀sán bá mú ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ná ọjà mọ ibi tí wọ́n ń sá sí. Kì í ṣe abẹ́ páànù ìsọ̀, nítorí abẹ́ páànù máa ń gbóná ju ìta lọ nígbà mìíràn. Abẹ́ igi ni, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ kan tó bá ṣì ṣẹ́kù nítòsí, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ti jókòó ní gáréèjì fún wákàtí méjì tó ń retí kí ọkọ̀ kún, tó wá wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ láti bu omi mu, yóò ti mọ ohun tí a fẹ́ sọ kí a tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Ní ọdún 2023, ohun kan ṣẹlẹ̀ lókè òkun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìdìbò àti ti epo bẹntiróòlù tó gbówó lórí ló gba ẹnu gbogbo èèyàn ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Àfihàn ńlá kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dún méjì méjì ní ìlú Venice, lórílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí àwọn ayàwòrán ilé láti gbogbo ayé ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Èyí tí wọ́n ṣí ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ghana àti Scotland, Lesley Lokko, ni wọ́n fi ṣe alákòóso rẹ̀. Nínú àwọn mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún tó pè láti wá pàtẹ, àwọn ọmọ Áfíríkà àti ìran wọn tó wà lẹ́yìn odi lé ní ìdajì. Ẹni tí wọ́n sì fún ní Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń yẹ́ èèyàn sí fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀, ni Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni bàbá náà nígbà náà.

Nwoko kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá ní Mókọ́lá, n'Ibadan, ẹ ti rí iṣẹ́ rẹ̀: òun ló ya àwòrán gbọ̀ngàn àṣà tó wà lórí òkè níbẹ̀. Òun náà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àlùfáà Dominican n'Ibadan ní àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ ọnà ni bàbá yìí lọ kọ́ ní Zaria, kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán ilé. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló mú, ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ń kọ́lé. Nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ sí ìlú rẹ̀, ó ṣí àárín ilé sílẹ̀ kí atẹ́gùn, ìmọ́lẹ̀ àti omi òjò lè wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe agbo ilé. Ohun tí ayé yìn nìyẹn.

Ọdún tó ṣáájú, ìyẹn 2022, ni wọ́n fún Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé kà sí ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Láti ọdún 1979 tí wọ́n ti ń fúnni ní ẹ̀bùn náà, ọmọ Áfíríkà kankan kò gbà á rí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ Kéré di ẹni tí ayé mọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ sí abúlé rẹ̀, tí wọ́n parí ní ọdún 2001. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ó gbé páànù sókè réré kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín méjèèjì kọjá, kí ooru má baà sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn ọmọ. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará abúlé ń ṣiyèméjì. Amọ̀ kẹ̀? Ṣé ohun tó lọ kọ́ ní Jámánì nìyẹn? Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́ lónìí ní Ọ̀dẹ̀dá tàbí ní Ọbáfẹ́mi-Owódé bí ọmọ tó kàwé bá sọ pé amọ̀ ni òun fẹ́ fi kọ́lé fún bàbá òun.

Bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbá kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa fojú òtòṣì wo amọ̀. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, odi amọ̀ ni wọ́n mọ yí ìlú ká. Odi yẹn ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì bá pàdé ní oṣù Kẹta ọdún 1851, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kẹta ọdún 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú ọnà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, pẹ̀lú fèrèsé gígùn tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọ̀nyẹn, bí ẹ bá họ ara wọn díẹ̀, amọ̀ lẹ ó bá nínú.

Ní báyìí, wọ́n ń wó. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa nípa bí wọ́n ṣe ń wó. Kì í ṣe amọ̀ ló ń pa wọ́n. Páànù ló kọ́kọ́ ń dá ihò. Gbogbo ẹbí ló ni ilé, nítorí náà kò sí ẹni tó ni páànù. Ẹni tó wà l'Ékòó ní òun kì í sùn níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ̀gbọ́n òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì òun kò tíì jáde. Ìyá àgbà tó ṣẹ́kù sílé yóò gbé ike sábẹ́ ibi tó ń jò. Òjò ọdún kìíní á rin orí ògiri, ti ọdún kejì á gbẹ́ ẹ wọnú, ní ọdún kẹta ògiri á ṣubú lóru, gbogbo ẹbí á sì sọ pé amọ̀ kò dára. Nígbà náà ni wọ́n ó wá dá owó, owó tí kò sí fún páànù mẹ́wàá. Wọ́n á wó ìyókù palẹ̀, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun, ilé tuntun náà á sì dúró sí ìpele fèrèsé fún ọdún mẹ́wàá, koríko á hù nínú rẹ̀.

Ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali, mọ́sálásí ńlá kan wà tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní ọdún 1907. Ọdọọdún ni tọmọdé tàgbà ìlú náà máa ń jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Ó ṣì wà lórí ìdúró. Àwa náà mọ ọ̀wẹ̀, a mọ àáró. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lè sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀wẹ̀ láti mọlé fún àna, bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ mọ́jú, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á mọ ipele kan, tí wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Àwọn obìnrin ló ń pọn omi, àwọn náà ló ń fi bọ́tọ pa ilẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mélòó nínú àwọn mọlémọlé yẹn ló ṣì wà láàyè? Ta ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà?

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ewékorò, nílẹ̀ Ẹ̀gbá gan-an, ni wọ́n dá iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní ọdún 1960. Láti inú ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń wa òkúta rẹ̀. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, àgbẹ̀ tó ń gbé nítòsí iléeṣẹ́ náà kò sì rí i rà. Ilé tí a sì fi sìmẹ́ǹtì kọ́ láìbìkítà kì í dá ẹ̀mí sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún kan wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, ó sì pa èèyàn tó lé ní ogójì. Kò sí amọ̀ níbẹ̀.

A kò sọ pé amọ̀ kò ní àléébù. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, ikán sì fẹ́ràn igi òrùlé. Ẹni tó bá mọ ọ́n sílẹ̀ lásán láìsí ìpìlẹ̀ òkúta, tí páànù rẹ̀ kò yọ jáde kọjá ògiri dáadáa, yóò rí ìjà òjò. Amọ̀ kò sì dára fún ilé alájà púpọ̀. Àmọ́ ìlú tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta kò lè sọ pé òun kò rí òkúta fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ọgbọ́n tuntun náà kò jìnnà sí wa. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní NBRRI, ní ibùdó ìwádìí ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ yẹ̀pẹ̀ pupa pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ di búlọ́ọ̀kù tó ń wọnú ara wọn, tí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń tò ó kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Kí ló dé tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ máa yá a lò bí wọ́n ti ń yá katakata? Bí ìjọba bá sì fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì sí abúlé, kí ló ní kó jẹ́ búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ọkọ̀ ru láti ìlú nìkan ni wọ́n lè lò?

Ti àwọn ilé àtijọ́ tún kù. Ìkéde ìjọba nìkan kò lè gbà wọ́n là. Ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ní Tinúbú l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tí a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fún kò tóbi. Kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ láti ka àwọn ilé tó kù ní Aké, ní Ìtòkò, ní Ìjẹ̀mọ̀ àti níbi gbogbo, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹbí tó ni wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n sì yá ẹbí tó bá fẹ́ tún òrùlé ṣe lówó, tí wọn yóò máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Gbọ̀ngàn àṣà June 12 wà ní Kútọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n pàtẹ àwòrán náà sí, kí wọ́n sì pe àwọn mọlémọlé tó ṣẹ́kù wá fi iṣẹ́ náà han àwọn bíríkìlà òde òní, kí wọ́n sanwó fún wọn bí wọ́n ti ń sanwó fún olórin.

Bí owó bá tún ṣẹ́kù, kí wọ́n kọ́ ìsọ̀ mẹ́wàá péré sínú ọjà Kútọ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù yẹ̀pẹ̀, kí páànù rẹ̀ ga kúrò lórí àjà. Kí àwọn ìyálọ́jà jókòó sínú rẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin, nígbà tí oòrùn le jù, kí a wá bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ padà sínú ti tẹ́lẹ̀.