Ilé Bàbá Ń Jò, Oníṣòwò Ti Dé Ẹnu Ọ̀nà

Alẹ́ ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé. Ọmọ Yorùbá tí ó ti kó ọjà wọlé tán ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ní Jọ́ọ̀s tàbí ní Kàdúná, yóò gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ láti ilé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òjò àná tún ti gbé páànù mẹ́ta lọ lórí ilé Bàbá. Ògiri ẹ̀yìn ti ń yọ́. Ẹnì kan ti wá wò ó, ó ní bí ó ṣe rí yìí náà ni òun yóò ṣe rà á, owó sì wà lọ́wọ́ òun. Ó ní kí á fún òun lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Ẹ̀gbọ́n yóò mí kanlẹ̀. Ó ti tó ọdún méje tí ó ti sùn nínú ilé náà kẹ́yìn. Yóò béèrè iye tí onítọ̀hún fẹ́ san, yóò pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ nínú ọkàn rẹ̀, yóò sì wí pé: "Ohun tí ẹ bá ti ṣe, mo fara mọ́ ọn."

Nínú gbólóhùn kékeré yẹn ni ilé púpọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò rò pé òun ta ohunkóhun. Ó rò pé ìrẹ́pọ̀ ni òun fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Èkó pẹ̀lú owó nínú àpò mọ̀ pé èsì tí òun ń retí gan-an nìyẹn.

Àwọn tí ń fi ògbólógbòó ilé ṣòwò kì í ṣe olè. Òwò bí òwò ni tiwọn. Wọn a máa rìn kiri Èbúté Mẹ́ta, Yaba, Sùúrùlérè àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọn a dé Òkè Àdó àti Mókọ́lá ní Ìbàdàn. Ibikíbi tí ọ̀nà ọkọ̀ bá ti dára tí ilé sì ti gbó ni ojú wọn ń wò. Òmíràn nínú wọn yóò tún ilé náà ṣe: yóò pààrọ̀ páànù, yóò rẹ́ ògiri, yóò fa omi àti iná sí i, yóò kùn ún ní ọ̀dà, yóò sì tà á fún ẹlòmíràn tàbí kí ó kó ayálégbé sí i. Òmíràn yóò wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀, yóò sì kọ́ ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí ilẹ̀ náà.

Ìṣirò wọn kò ṣòro í mọ̀. Oníṣòwò a kọ́kọ́ wádìí iye tí ilé náà yóò jẹ́ lọ́jà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí lórí rẹ̀. Láti inú iye yìí ni yóò ti yọ owó sìmẹ́ǹtì àti páànù, owó bíríkìlà àti káfíńtà. Yóò yọ owó ìwé àti owó lọ́yà. Yóò yọ èlé orí owó tí ó yá. Yóò yọ èrè tirẹ̀. Ìyókù ni ó máa ń gbé wá bá ẹbí. Bí ilé tí yóò tó mílíọ̀nù 100 náírà bá gba mílíọ̀nù 40 fún àtúnṣe, tí ìwé àti èlé gba mílíọ̀nù 10, tí oníṣòwò sì fẹ́ jẹ èrè mílíọ̀nù 20, mílíọ̀nù 30 péré ni yóò dárúkọ. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ìṣirò náà ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé oníṣòwò nìkan ni ó mọ iye mẹ́rin àkọ́kọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni ẹbí ń gbọ́.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ojú ẹbí là sí. Ẹni tí ó ti pinnu láti wó ilé a ṣì máa yí i ká, a máa fi ọ̀pá kan ògiri, a máa ka páànù tí ó ti dógùn-ún, a máa mi orí: "Ẹ̀yin Bàbá, iṣẹ́ pọ̀ lára ilé yìí o." Òrùlé tí kò ní tún ṣe láéláé ni ó fi ń bu owó ilé kù. Ògiri tí ó là ni ó nàka sí, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó wá rà. Ilẹ̀ kì í jò. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó wà láàrin ilé náà àti ibùdókọ̀ kò dógùn-ún. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olórí ẹbí bi oníṣòwò ni pé, "Ṣé ẹ ó tún un ṣe ni, àbí ẹ ó wó o?" Bí ó bá jẹ́ pé wíwó ni, ọ̀rọ̀ páànù ti parí. Iye tí ilẹ̀ lásán ń lọ ní àdúgbò náà ni kí wọ́n fi díwọ̀n, kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ wíwó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà láti ibẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹbí fi ilé sílẹ̀ kí ó máa jẹrà nítorí pé orúkọ bàbá wà lára rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò ní gbọ́ títà sétí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rán owó páànù kan wá sílé láti ọdún mẹ́wàá. Ilé tí ó ti rẹ̀ a máa pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fààjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀mí sì bá a lọ. Orúkọ ńlá pàápàá kì í gbé ilé dúró. Ilé àwọn Àgùdà tí a ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855 nítòsí Tinúubú ní Èkó, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹsán ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Bí òfin kò bá lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ́ tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ní Kánò pé ilé Bàbá kò ní di títà kò lè gba tirẹ̀ sílẹ̀, àfi bí owó bá tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà tí ó ti Gáná dé mọ ohun tí ìkánjú ń ṣe sí iye ilé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti wá ìwé náà tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ọ̀fà pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún ṣòwò kí ó tó ní ilé sí Kùmásí tàbí Tàmálè kò ráyè dúnàá dúrà. Iye tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn bá dá ni ó ní láti gbà. Nígbà náà, ìjọba ni ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lónìí, kò sí ìjọba kankan tí ó fún ẹbí ní ọ̀sẹ̀ kan lórí ilé Bàbá. Oníṣòwò ni ó fún wọn, àbúrò sì gbà á bí àṣẹ. Ó sì yẹ kí àwọn tí ń gbé ẹ̀yìn odi rántí ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ará Gáná sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sí nígbà tí wọ́n dé: ilé bàbá wọn ni, bí ó ti wù kí ó máa jò tó. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ní ti òfin, ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún kì í ṣe ti àwọn tí ó wà nílé nìkan. Ti gbogbo ọmọ ni, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ là á yé àwọn ènìyàn pé, bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí tí ó yẹ kí ó gbọ́, títà náà dúró, àfi bí wọ́n bá gbé e lọ sí kóòtù kí adájọ́ sì fagi lé e. Ibí yìí ni ewu wà fún ẹni tí ń gbé ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá gbọ́, tí ó káwọ́ gbera, tí ẹni tí ó rà á sì ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí ilẹ̀ náà kí ó tó pariwo, adájọ́ lè sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yóò jọ ìfọwọ́sí.

Àṣà ìdí igi náà kò kú. Ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962 ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé pínpín ogún gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé ṣì jẹ́ àṣà Yorùbá tí òfin gbà. Nítorí náà, bí ìyàwó mẹ́ta bá bímọ fún Bàbá, ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó ní ẹni tí yóò jókòó níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè ìfọwọ́sí gómìnà kí títà ilẹ̀ ìgboro tó pé, ìfọwọ́sí yìí sì ń gba owó. Kí wọ́n ti kọ ẹni tí yóò san án sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ béèrè gbogbo àwọn wọ̀nyí. Èyí tí ó bá ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ wà nílẹ̀ yìí ti tó," ó mọ̀ pé ẹjọ́ ni òun ń rà pọ̀ mọ́ ilé, ó sì ti yọ owó ẹjọ́ náà kúrò nínú iye tí ó fẹ́ san.

Kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó rárá, ẹnì kan wà tí àwọn tí ń pín owó lókèèrè kì í sábà rántí. Nínú ilé Bàbá tí ó ń jò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní ìyá àgbà kan nínú yàrá ìsàlẹ̀: ìyàwó tí ó kéré jù fún Bàbá, tàbí àbúrò Bàbá obìnrin tí kò ní ilé mìíràn. Òun ni ó ń gbá iwájú ilé, òun ni ó ń gbé korobá sí abẹ́ ibi tí ó ń jò. Bí owó bá di ìpín mẹ́jọ, ìpín tirẹ̀ lè má gba yàrá kan fún un fún ọdún méjì, bí wọ́n bá tilẹ̀ ka òun mọ́ àwọn tí ó ní ìpín. Ẹni tí ó wà ní Kánò yóò fi tirẹ̀ ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá yóò di ẹni tí ń ti ilé ọmọ kan bọ́ sí ilé ọmọ mìíràn. Ó tọ́ kí owó ibùgbé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde kí ìpín kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ó sì tọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sàréè Bàbá pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ inú ilé ni wọ́n sin ín sí, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn án.

Títà pátápátá kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn ẹbí kan ń mú ilẹ̀ wá, oníṣòwò ń mú owó wá, wọ́n sì ń pín yàrá tí wọ́n bá kọ́ láàrin ara wọn. Òmíràn ń fi ilẹ̀ háyà fún iye ọdún kan, lẹ́yìn èyí tí ilé yóò padà di ti ẹbí. Ọ̀nà yìí dára ju títà lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti wọ́n, nítorí pé ẹbí yóò ṣì ní ibi tí wọn yóò máa pè ní ilé. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún tirẹ̀. Owó oníṣòwò lè tán nígbà tí ilé ṣì wà ní ìpìlẹ̀, tí ilé àtijọ́ sì ti lọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí, ẹni tí yóò san owó ilé Ìyá títí wọn yóò fi kọ́lé tán, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá, gbogbo rẹ̀ ni kí lọ́yà tí ẹbí fúnra wọn gbà kọ sílẹ̀. Lọ́yà tí oníṣòwò bá mú wá, ti oníṣòwò ni.

Gbogbo èyí gba àkókò, ó sì gba owó ọkọ̀ láti Kánò wá sílé. Ẹ̀gbọ́n lè pe àbúrò rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sọ fún un pé ìpàdé ẹbí yóò wà ní ìparí oṣù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ohunkóhun kí ó tó dé, kí ó bá òun wádìí iye tí wọ́n ta ilẹ̀ tí ó wà ní ìkángun òpópónà. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Yàrá wo ni Ìyá ń sùn báyìí tí òjò gbé páànù lọ?" kí ó sì fi owó páànù mẹ́ta ránṣẹ́.