Ara Kò Jẹ̀bi, Ṣòkòtò Ni Kí A Tún Gé

Ní Missèbo, ní ìlú Kútọ̀nù, àwọn ọkùnrin a máa wá inú òkìtì ṣòkòtò àlòkù tí a dì wá láti Yúróòpù. Wọn a fa ọ̀kan yọ, wọn a fi wé ìbàdí, wọn a dá a padà, wọn a tún fa òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò rí èyí tí ó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òmíràn wà tí itan rẹ̀ tóbi bí òpó, tí ìbàdí rẹ̀ sì kéré. Òmíràn tún wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi kúrú ju èkejì lọ. Irú àwọn wọ̀nyí lè wá inú òkìtì náà títí di ọ̀sán. Wọn a padà sílé lọ́wọ́ òfo, wọn a sì máa rò ó lọ́kàn pé ara àwọn ni kò dára. Èrò náà kò tọ́. Ara kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó rán ṣòkòtò náà kò rí ara yẹn rí.

Ilé iṣẹ́ tí ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣòkòtò lẹ́ẹ̀kan náà kì í wọn ẹni tí yóò wọ̀ wọ́n. Ìwọ̀n kan tí ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu ni wọ́n ń mú, wọn a gé aṣọ lé e, wọn a sì kọ nọ́ńbà sí i. Nọ́ńbà tí ó wà nínú ṣòkòtò ọkùnrin ti ilẹ̀ Faransé sún mọ́ ìdajì ìwọ̀n ìbàdí. Bí a bá kọ 42, ti ẹni tí ìbàdí rẹ̀ yíká tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 84 ni. Ti jíǹsì yàtọ̀. Bí a bá kọ W34 àti L32 sí i, 34 ni ìbàdí, 32 ni gígùn ẹsẹ̀ láti ibi tí itan méjèèjì ti pàdé dé ìsàlẹ̀. Íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, íǹṣì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2,54. Nítorí náà, 34 yẹn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 86. Ẹni tí ó mọ nọ́ńbà kà yóò mọ èyí láìbi ẹni tí ń tajà léèrè.

Kí ó kíyè sí ohun tí nọ́ńbà náà kò sọ. Kò sọ bí itan ti tóbi tó. Kò sọ bí ìdí ti yọ tó. Kò sọ bí ó ti jìn tó láti ìbàdí dé ibi tí itan méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà.

Nígbà tí kẹ̀ǹbẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Yorùbá ń wọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó báyìí. Kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀ ní itan, okùn tí a ń pè ní ìjàrá ni a sì fi ń so ó ní ìbàdí. Ẹni tí ó bá sanra a dẹ okùn rẹ̀, ẹni tí ó bá rù a fún un. Ikùn lè yọ lẹ́yìn ìkórè kí ó sì fà sẹ́yìn ní àkókò ọ̀wọ́n oúnjẹ, ṣòkòtò kan náà ni yóò máa bá a lọ. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Abuké, arọ àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé Ọbàtálá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí gbogbo ènìyàn padà sí kẹ̀ǹbẹ̀ lónìí. Ẹni tí ń gun zémidjan kò fẹ́ aṣọ tí yóò kó sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi gé e, èyí tí ó fi ara ṣáájú aṣọ, kò tí ì gbó.

Kí a mú ti oníkùn ńlá, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù. Bí ó bá so ṣòkòtò mọ́ abẹ́ ikùn, iwájú rẹ̀ a máa wálẹ̀, ìdí rẹ̀ a rọ̀ sílẹ̀ bí àpò òfo, ìṣẹ́tí rẹ̀ a sì máa gbá ilẹ̀. Ọkùnrin náà a fún ìgbànú mọ́ra títí ikùn yóò fi máa dùn ún lẹ́yìn oúnjẹ, síbẹ̀ ṣòkòtò kò ní dúró. Bí ó bá dìde láti sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ọwọ́ kan ni yóò fi ṣàlàyé, èkejì wà lẹ́nu fífa ṣòkòtò sókè. Ìgbànú kọ́ ni àìsàn rẹ̀. Aránṣọ ni ó gé iwájú àti ẹ̀yìn bí ẹni pé ara náà tẹ́jú bí pákó. Bí ṣòkòtò yóò bá gun orí ikùn, iwájú gbọ́dọ̀ gùn kí ó lè yí ikùn náà po. Bí yóò bá dúró lábẹ́ ikùn, kí iwájú kúrú díẹ̀, kí ẹ̀yìn sì ga jù ú lọ, kí ó lè di ẹ̀yìn mú. Rọ́bà tí a kì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìbàdí yóò ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ó dára jù ni okùn tí a ń gbé kọ́ èjìká, tí àwọn Faransé ń pè ní bretelles. Èjìká ni yóò ru ṣòkòtò, ikùn yóò sì mí. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi í rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ní ti ẹsẹ̀, kí ó tọ́ láti itan dé ìsàlẹ̀, kí ó má ṣe fún. Ṣòkòtò tí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ ikùn ńlá a máa mú kí ikùn náà dà bí ẹrù tí a gbé lé orí igi méjì.

Ti onítan ńlá yàtọ̀. Alábàárù inú ọjà, àgbẹ̀ tí ń bẹ̀rẹ̀ tí ń dìde látàárọ̀, ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ni ó mọ itan wọn bẹ́ẹ̀. Kí irú wọn ra ṣòkòtò tí ó gba itan, kí wọ́n má wo ìbàdí. Aránṣọ yóò tú ojú ìrán ẹ̀yìn, yóò sì dín ìbàdí kù láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n aránṣọ kankan kò lè fi aṣọ tí kò sí kún itan. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ rán tuntun, kí a ká aṣọ pọ̀ díẹ̀ ní iwájú ìbàdí kí ó lè là nígbà tí ó bá jókòó, kí a sì fi ègé aṣọ kan kún ibi tí itan méjèèjì ti pàdé, nítorí ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ ya. Kí ó tó sanwó, kí ó jókòó, kí ó lóṣòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń gun alùpùpù. Ṣòkòtò tí a dán wò lórí ìdúró nìkan, a kò tí ì dán an wò.

Ti ẹni kúkúrú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ìṣẹ́tí rẹ̀ kan bàtà láìká jọ lé e lórí, kí àwọ̀ ẹ̀wù àti ti ṣòkòtò má sì jìnnà síra jù. Àwọn aránṣọ kan tún ní oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo ara: aṣọ dúdú. Òótọ́ ni pé aṣọ dúdú kì í jẹ́ kí ojú tètè rí bí ara ti rí. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò dúdú tí a gé ní ìgékúgèé, ìgékúgèé náà ni yóò hàn.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba ni a ń ṣẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ aránṣọ a wọn ẹsẹ̀ kan, wọn a sì gé méjèèjì bákan náà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan yóò máa gbá eruku, gbogbo ojú yóò sì lọ síbi tí ọkùnrin náà kò fẹ́ kí wọ́n wò. Kí a wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbàdí dé ilẹ̀, kí ó sì wọ bàtà tí yóò máa wọ̀, pàápàá bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan bá nípọn ju èkejì lọ. Kí ìṣẹ́tí méjèèjì jìnnà sí ilẹ̀ bákan náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá rù, kí fífẹ̀ ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì dọ́gba, kí a sì lo aṣọ tí ó ní ìwúwo bíi kakí, nítorí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ egungun. Ẹni tí ó ń lo irin sí ẹsẹ̀ nílò kí a la ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, kí a fi bọ́tìnì sí i, kí ó lè dé ibi irin náà láìbọ́ṣọ. Ẹni tí ó sì ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ ní gbogbo ọjọ́, lórí ìjókòó ni kí a ti wọ̀n ọ́n. Kí ẹ̀yìn ga, kí iwájú kúrú, kí a má sì fi àpò tàbí bọ́tìnì sí ìdí rẹ̀. Bọ́tìnì kékeré lè máa ha ara tí kò mọ ìrora mọ́ títí yóò fi di egbò.

Àwọn kan yóò sọ pé ọkùnrin tòótọ́ kì í ro ti aṣọ. Ó rọrùn fún ẹni tí ọjà ti rán aṣọ dè láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́ kì í fẹ́ dìde lọ kọ̀wé sí ara pátákó lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdána ọmọ rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí. Àwọn ènìyàn yóò ní kò ní ohun tí yóò sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ní.

Àwọn mìíràn yóò ní owó aránṣọ pọ̀ ju owó àlòkù lọ. Kí wọ́n ṣí àpótí wọn, kí wọ́n ka iye ṣòkòtò àlòkù tí wọ́n rà tí wọn kò lè wọ̀, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà: aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ lè wà ní ìkóríta àdúgbò, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó aṣọ tuntun lè ra àlòkù tí ó tóbi, kí ó gbé e lọ fún un láti tún un gé.

Kí ó gbé ìwé lọ́wọ́ bí ó bá ń lọ. Àwọn aránṣọ a máa kọ ìwọ̀n oníbàárà sínú ìwé tiwọn, bí wọ́n bá sì kó lọ sí ìlú mìíràn, ìwọ̀n náà bá wọn lọ nìyẹn. Ojú ewé kan ti tó: ìbàdí, ìdí, itan, orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún láti ìbàdí dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì láti ìbàdí dé ilẹ̀, àti ìwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, láti iwájú ìbàdí, gba abẹ́ kọjá, dé ẹ̀yìn ìbàdí. Oníṣòkòtò ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ní sẹ̀ǹtímítà, bí aránṣọ bá ti ń pe nọ́ńbà náà. Kí ó kọ ọjọ́ sí i, nítorí ikùn kì í dúró sójú kan. Bí iṣẹ́ náà bá wá bàjẹ́, kò ní sí àríyànjiyàn: okùn ìwọ̀n wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀. Aránṣọ tí ó bá sì kọ̀ láti wọn ẹsẹ̀ kejì, kí oníbàárà kó aṣọ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án.