“Ẹ Máa Lò Ó Bẹ́ẹ̀”

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: “Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀.” Kò sí ẹni tí kò tí ì gbọ́ ọ rí nínú wa. Télọ̀ a máa sọ ọ́ nígbà tí aṣọ bá fún mọ́ wa lábíyá. Káfíńtà a máa sọ ọ́ nígbà tí àga bá ń mì. Bíríkìlà a máa sọ ọ́ nígbà tí ògiri bá wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe ẹnu oníṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣe ibi rẹ̀. Etí tiwa tí ó ń gbà á ni ó ń ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọmọ Ajílété ni mí, ní ilẹ̀ Yewa, lójú ọ̀nà tí ó ti Òwòdé lọ sí Ìlaròó. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Aṣọ sányán kan wà nínú àpótí rẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, aṣọ ìbora ńlá tí wọ́n ti fi kánfọ̀ tọ́jú láti ọdún gbọọrọ. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n gba oyè ní ọdún 2019, Bàbá kó aṣọ náà jáde, ó ní, “Aṣọ yìí kò níí gbó sínú àpótí. Agbádá rẹ̀ ni n óò wọ̀ lọ wo ọmọ mi.”

A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní ìlú wa ní oṣù kẹjọ. N kò níí dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ó wo Bàbá láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Tíṣà, mo ti mọ ìwọ̀n yín. Ẹ̀yin àti bàbá mi, ọgbọọgba ni.” Kò fa téèpù yọ. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Bàbá san gbogbo owó iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà, a sì lọ.

Oṣù kẹsàn-án, kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá, ó ní ó kù díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ó ní kò sí epo tí òun yóò fi tan jẹnẹrétọ̀ fún máṣíìnì tí ń ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn. Irọ́ kọ́ ni èyí. Ìjọba ti ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ, ní oṣù kọkànlá náà ni àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tí ó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìgboyè ni ó tó gbé agbádá náà fún wa.

Nígbà tí Bàbá wọ̀ ọ́, apá ọ̀tún kúrú ju apá òsì lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Iṣẹ́ ọnà àyà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní èjìká, ibi tí ó yẹ kí àwọn ìlà funfun inú sányán náà ti bára wọn mu, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí a bá sì ní kí a gé apá òsì kí ó lè bá apá ọ̀tún dọ́gba, agbádá yóò di bùbá.

Mo wo télọ̀. Télọ̀ fi ọwọ́ fa etí agbádá náà, bí ẹni pé ọwọ́ lè mú aṣọ gùn, ó ní, “Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà ká a sí èjìká, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.” Bàbá dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ó ti tó. A dúpẹ́. Ẹ kú iṣẹ́.” Èmi náà ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá.”

Àwòrán ọjọ́ náà wà lára ògiri pálọ̀ wa títí di òní. Èmi ni mo wọ gáùn. Bàbá ni ó dúró tì mí. Nínú gbogbo àwòrán tí a yà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó fi di etí agbádá mú, kí ènìyàn má baà rí i pé kò dọ́gba. Ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ ni, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó sì rí fi yọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwà ọmọlúàbí ni bàbá mi hù. Mo gbà pé ọmọlúàbí ni Bàbá. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìwà ọmọlúàbí ni kí a máa kí ènìyàn kú iṣẹ́ tí kò ṣe. Ọmọlúàbí kì í bú oníṣẹ́, kì í jẹ owó oníṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í purọ́ fún un. “Ẹ kú iṣẹ́” tí mo sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, irọ́ ni. Ẹ sì wo àwọn tí irọ́ náà ṣojú wọn. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n rí apá agbádá, wọ́n mọ̀ pé kò dọ́gba, nítorí ojú wọn kò fọ́. Wọ́n wo ojú ọ̀gá wọn, wọ́n wo ojú wa, wọ́n sì rí i pé a dúpẹ́, a sì lọ. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn ní alẹ́ yẹn ju ohun tí ọ̀gá wọn lè kọ́ wọn ní ọdún mẹ́ta lọ: pé ẹni tí ó ba aṣọ jẹ́ àti ẹni tí ó rán an dáadáa, owó kan náà ni wọn yóò gbà, “ẹ kú iṣẹ́” kan náà ni wọn yóò sì gbọ́. Kí ni yóò wá mú kí ọmọ náà máa fa téèpù yọ lọ́la?

Àwọn mìíràn yóò ní, “Tálákà ni àwọn oníṣẹ́ wa. Iná kò sí, epo sì wọ́n. Kí ni ẹ ń retí?” Àánú ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ yìí, èmi ní èébú ni. Àìsí epo lè mú kí aṣọ pẹ́. Kò lè mú kí apá kan kúrú. Téèpù kì í mu epo. Ẹ sì tún wo aṣọ tí télọ̀ náà gé. Inú igbó ni a ti ń wá òwú sányán, lára ilé tí àwọn kòkòrò kan kọ́ sára igi. A ó sè é, a ó fi ọwọ́ ran án, kí ó tó dé orí òfì. Ọ̀já tí ahunṣọ ń hun kò ju nǹkan bí íńṣì 4 lọ ní ìbú, a ó sì máa rán ọ̀já mọ́ ọ̀já, ní etí sí etí, títí yóò fi di aṣọ ìbora. Kò sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì lọ́dọ̀ ẹni tí ó hun ti bàbá àgbà, n kò sì rò pé ó lówó ju télọ̀ wa lọ. Síbẹ̀, kò sí ọ̀já kan tí ó wọ́ nínú aṣọ náà kí a tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ẹni tí ó bá sọ pé tálákà kò lè ṣe iṣẹ́ tí ó gún, òkú ahunṣọ yẹn ni ó bú.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dá télọ̀ nìkan lẹ́bi, ojúsàájú ni mo ṣe. Àwa oníbàárà ni a ń kó aṣọ ẹbí ogójì lọ bá ọkùnrin kan ní ọjọ́ Ajé, tí a sì ń fẹ́ kó wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Àwa ni a ń ná owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí kò fi níí ku ohun tí ó lè fi gba alágbàṣe. Àwọn àgbà ní dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Ẹ̀wù ńlá ń fẹ́ ìfarabalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a àti lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an.

Àwa ọ̀mọ̀wé ni a tilẹ̀ burú jù. Bí télọ̀ bá ba aṣọ wa jẹ́, a kì í sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín, a ó gba aṣọ, a ó wá lọ sọ nínú yàrá wa pé télọ̀ ilẹ̀ yìí kò mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà a ó gba ọjà òkìrìkà lọ. Ní agbègbè ààlà tiwa, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọ̀nà tí òkìrìkà ń gbà wọlé láti Kútọnu, bí òfin tilẹ̀ ní kí a má ṣe kó o wọ Nàìjíríà. Aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ tì ni a fi ń jẹ télọ̀ níyà, nígbà tí ìbáwí gbólóhùn kan ì bá tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ẹlòmíràn. Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Scotland ní aṣọ ìbílẹ̀ kan tí ń jẹ́ kilt, tí wọ́n ń ró mọ́ ìdí, tí ó ń dé orúnkún. Ojúlówó rẹ̀ a máa gbà tó yáàdì 8. Wọn a ṣẹ́ ẹ po léraléra ní ẹ̀yìn, síbẹ̀ àwọn ìlà aṣọ náà gbọ́dọ̀ bára mu bí ẹni pé wọn kò ṣẹ́ ẹ po rárá. Ní àwọn erékùṣù kan ní ilẹ̀ náà, inú ilé ni wọ́n ti ń hun aṣọ kan tí ń jẹ́ Harris Tweed. Òfin kan wà tí a ṣe ní ọdún 1993 nítorí aṣọ yìí nìkan. Wọn a yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i, èyí tí kò bá sì kún ojú òṣùwọ̀n kò níí gba òǹtẹ̀. N kò sọ èyí láti fi hàn pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ. Mo sọ ọ́ nítorí pé ibikíbi tí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti dára, ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń sọ pé, “Rárá, ẹ tú u.”

Ta ni ó ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ tiwa? Ẹgbẹ́ aránṣọ kò wọ́n ní ìlú wa. Mo sì ti lọ sí ibi fúrídọ́ọ̀mù ọmọṣẹ́ níbi tí a ti pa ewúrẹ́, tí a ti ya àwòrán, tí ọmọ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá súre fún un. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ọ̀kan tí a ti ní kí ọmọ náà gé agbádá lójú àwọn àgbà iṣẹ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n wò. Òfin pàápàá wà: òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ pé kí iṣẹ́ tí a san owó rẹ̀ dára, kí ó sì parí ní àsìkò, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a lè ní kí oníṣẹ́ tún un ṣe, tàbí kí ó dá nǹkan padà nínú owó wa. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹnu. Àwa ni a ní in.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgboyè, mo gbé agbádá náà padà lọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì télọ̀ náà ní ọ̀sán gangan, mo ní, “Ọ̀gá, iṣẹ́ yìí kò dára.” Ìjà ni mo múra sílẹ̀ fún. Kò bá mi jà. Ó fa téèpù yọ, ó wọn apá méjèèjì, ó dákẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àbúrò, kí ló dé tí o kò sọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn? Ìyókù sányán náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Ǹ bá fi òru tú u. Àwọn ọmọ ti fi rán fìlà báyìí.”

Àwa ni a ni ìyókù aṣọ náà, kò sì yẹ kí ó fi rán fìlà. Ṣùgbọ́n a kò bèèrè é. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè. Kí a dúró kí télọ̀ wọ̀n wá, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wa. Kí a san ìdajì owó, kí a mú ìdajì dání. Kí a wọ aṣọ náà wò kí iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dára, kí a san ìyókù lójú ẹsẹ̀, kí a sì yìn ín lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá dára, kí a sọ ọ́ níbẹ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́, lójú àwọn ọmọṣẹ́ kan náà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u.” Ojú lè tì wá láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ti Bàbá mi ti wà lára ògiri láti ọdún 2019.