Odi Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé-Ẹ̀kọ́: A Ha Níláti Fò Ó Bí?



Ọ̀rọ̀ kan wà láàrin wa tí a máa ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ ju gbangba lọ. Mo rò pé ó yẹ kí a gbé e wá sí ojú ìwé ìròyìn wa yìí, kí tọmọdé tàgbà lè dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìfiránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, irú WhatsApp àti Telegram, tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí ó kọjá. Àwọn kan wí pé kí olúkúlùkù wá ọgbọ́n tí yóò fi fo odi náà. Àwọn mìíràn wí pé òfin ni òfin, kí a gbà fún un, kí a sì dákẹ́. Èmi kò bá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lọ, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí odi náà jẹ́. Àwọn baba wa mọ odi ìlú dáradára. Odi yí ìlú ká, ó ní ibodè, oníbodè sì jókòó níbẹ̀, ó ń bi èrò léèrè pé: Níbo ni o ti ń bọ̀? Níbo ni o ń lọ? Kí ni o rù? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní firewall. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kúrò lórí fóònù wa ni a ń dì ní ẹrù kéékèèké. A ń kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹrù ti wá àti ibi tí ó ń lọ sí i lára, àti nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tí yóò gbà, èyí tí a ń pè ní pọ́ọ̀tù. Oníbodè a wo nọ́ńbà wọ̀nyí, a sì fi wọ́n wé òfin tí ọ̀gá rẹ̀ kọ fún un. Èyí tí òfin gbà yóò kọjá. Èyí tí òfin kò gbà yóò dúró.

Ìjà tí ó wà láàrin odi yìí àti ìfiránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1996 ni ICQ jáde láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. AIM tẹ̀lé e ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, Yahoo ní 1998, MSN Messenger ní 1999. Olúkúlùkù ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀: AIM ń gba 5190, Yahoo ń gba 5050, MSN ń gba 1863. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti àwọn ẹnu-ọ̀nà wọ̀nyí pa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí MSN bá rí i pé a ti 1863 pa, ó lè yà sí 80, ẹnu-ọ̀nà tí àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ń gbà. AIM ti kógbá wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Yahoo Messenger sì tẹ̀lé e ní oṣù Keje ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn kò bá wọn kú. Àwọn ti òde òní lè gba 443, ẹnu-ọ̀nà kan náà tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìkàwé ń gbà, a sì ti di ẹrù wọn ní àdìpa tí oníbodè kò lè tú wò. Nítorí náà nọ́ńbà nìkan kò tó fún oníbodè mọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ dí wọn, ó níláti fi orúkọ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí fi hàn pé dídí wọn kì í ṣe ohun tí ó ṣèèṣì wáyé. Ènìyàn ni ó yàn án. Ohun tí ènìyàn bá sì yàn, a lè bá a jíròrò lórí rẹ̀.

Èmi kò wí pé odi kò dára. Owó ńlá ni a fi ń ra íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì tọ́ kí àwòrán ẹ̀fẹ̀ gbà á tán kí ẹni tí ń wá ìwé kà má rí àyè. Àwọn oníjìbìtì wà níta tí ń dọdẹ àwọn ọmọdé. Olùkọ́ tí ó bá rí orí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo wọn tẹ̀ ba fóònù nígbà ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí odi yìí ń dá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní owó yóò ra déétà sórí fóònù tirẹ̀, yóò sì máa bá ìfiránṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí odi rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó, tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ó ní, òun nìkan ni odi náà mú. Ẹ sì wo àwọn tí a rán lọ sí abúlé láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ béèrè ní alẹ́ nípa ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, ìbéèrè rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn odi títí olùkọ́ rẹ̀ yóò fi jáde ní ọgbà. Nígbà náà, ẹ̀kọ́ ti parí, àwọn ọmọ náà sì ti gba èyí tí kò tọ́ lọ sí ilé.

Nísinsìnyí, mo yí sí ẹ̀yin tí ẹ ń fo odi. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ni VPN àti proxy ọ̀fẹ́. VPN fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Òṣìṣẹ́ a máa fi dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù yín ni ó ń gba ọwọ́ ẹni tí ó ni ín kọjá. Ẹni tí ó bá ń lo ti ọ̀fẹ́ láìmọ ẹni tí ó ni ín kò bọ́ lọ́wọ́ oníbodè. Ó kúrò lọ́wọ́ oníbodè tí ó mọ̀ ni, ó sì bọ́ sọ́wọ́ èyí tí kò mọ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba dí Twitter ní ilẹ̀ wa, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ láti fo odi. Kì í ṣe fífò náà ni ó ṣí i; ìjọba ni ó ṣí ibodè tí ó ti tì. Ẹni tí ó bá fo odi ti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n odi wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta.

Èkíní, kí a béèrè bí ó ti yẹ. Kí á tó wí pé a dí wa, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú-ewé tí a fi ń wọlé sí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kò tíì kọ orúkọ sí. Bí fóònù bá ṣiṣẹ́ lórí déétà tí kò ṣiṣẹ́ lórí ti ilé-ẹ̀kọ́, nígbà náà ni a lè fura sí odi. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ohun tí a fẹ́, àwọn àdírẹ́sì àti ẹnu-ọ̀nà tí ó ń lò, àti iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe, kí wọ́n sì mú un tọ ẹni tí ń bójútó íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Kí ẹ̀rù má sì ba àwọn àgbà. Ṣíṣí ẹnu-ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tí ń jáde kò túmọ̀ sí pé àjèjì lè wọlé. Odi òde òní a máa rántí ẹni tí ó jáde, èsì tirẹ̀ nìkan ni yóò sì jẹ́ kí ó padà wọlé.

Èkejì, kí a ní tiwa nínú ọgbà. Láti ọdún 1999 ni Jeremie Miller ti gbé Jabber jáde, èyí tí a ń pè ní XMPP lónìí. Ẹnikẹ́ni lè gbé e kalẹ̀ láìsan owó, nípa Prosody tàbí ejabberd, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì tó fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa. Ìránṣẹ́ láti yàrá dé yàrá kò ní dé ibodè rárá, kò ní ná wa ní déétà, yóò sì ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú. Fún àwọn tí ó wà ní abúlé, ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo, 5222, ni a ó ṣí láti ìta sí kọ̀ǹpútà yìí nìkan, kí ẹni tí ó bá ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí lè wọlé.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ẹ̀kọ́ kún odi. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba ìrànlọ́wọ́ owó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìjọba dí àwòrán ìbàjẹ́. Ní ọdún 2008 wọ́n fi òfin mìíràn kún un, pé kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà tí ó yẹ nígbà tí wọ́n bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti rí i pé odi nìkan kò tó.

Bí ẹnìkan bá wí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tàkúrọ̀sọ nígbà iṣẹ́, mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a ti ibodè ní wákàtí ẹ̀kọ́, kí a sì ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Odi ìlú pàápàá ní àkókò tí a ń ṣí i.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò ní pẹ́ tí àwa fúnra wa yóò di oníbodè fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí a bá fi fífo odi ṣe ìwà níhìn-ín, kí ni a ó wí fún wọn? Bí a bá sì dákẹ́ láìbéèrè, báwo ni a ó ṣe kọ́ wọn láti máa béèrè? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé náà kí ìsinmi tó dé. Àwa sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ gbà á kà.