Ìdákẹ́jẹ́ Àdúgbò àti Èdè Ọmọ

Mọ́wé ni mò ń gbé, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ariwo Èkó kò ti dé etí wa. Ìdákẹ́jẹ́ yìí dára fún ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ó ń pa èdè lára. Ọgbà yí ilé kọ̀ọ̀kan ká. Ọmọ kì í gbọ́ ohùn aládùúgbò. Ọmọ èmi olùkọ́ èdè gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ṣeré.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ọwọ́ wa ni ó kù sí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ṣí géètì mi, mo sì ń pàlọ́ fún ọmọ àdúgbò. Ẹ̀yin ńkọ́?