Kí Àlejò Ojúde Ọba Sun Ìbẹ̀fun

Bí Iléyá bá ti ń kanlẹ̀kùn, àtirí yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì Ìjẹ̀bú-Òde a máa di iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba, tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀gbà tí à ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé balógun ń jó lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà tí àwòrán ọdún 2024 ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tí kò ní bàbá tàbí ìyá ní Ìjẹ̀bú náà ti ń wá wòran. Ẹni tí kò bá ríbi sùn á sá padà sí Èkó lálẹ́. Bẹ́ẹ̀, ní Ìbẹ̀fun àti àwọn ìlú kéékèèké bíi rẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé alájà tí àwọn ọmọ onílùú kọ́ wà ní títì pa. Àfi bí òkú bá ṣẹlẹ̀ tàbí bí ọdún bá dé ni wọ́n ń ṣí i. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àlejò sùn, kí ó sì jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ ládùúgbò.

Irú rẹ̀ ti wà níbòmíràn. Banda ní Indonéṣíà kéré púpọ̀ lórí àwòrán ayé. Òun ni erékùṣù nọ́tímẹ́ẹ̀gì, èyí tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì tìtorí rẹ̀ pa onílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ní 1621. Ilé ìdílé ni àlejò sábà máa ń wọ̀ sí níbẹ̀ lónìí. Onílé ló ń se ẹja fún wọn, wọ́n sì ń fi èso nọ́tímẹ́ẹ̀gì ṣe jáàmù. Ohun tó sọ ibẹ̀ di olókìkí ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún àlejò. Ní Ìjẹ̀bú, ìrẹsì díndín la ń gbé fún un, bí ẹni pé ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n ń fi ewùrà sè ń tini lójú. Omi ewùrà pọ̀, kò ṣeé gún bí iṣu. Ìjẹ̀bú wá rin ín, wọ́n ń fi ọwọ́ já a sínú ata, epo àti ẹja tó ń hó. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Gààrí wọn náà kì í ṣàdédé kan: gbágùúdá rínrin ti jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan iná. Ẹ̀bìrìpò tí wọ́n fi kókò sè nínú ewé ńkọ́?

Àwọn kan á ní àlejò kò mọ ìkọ́kọrẹ́. Ẹni tó torí ẹṣin àti aṣọ rìn tó bẹ́ẹ̀ kò wá jẹ ohun tó wà nílé rẹ̀. Bí wọ́n bá ní iná àti omi ńkọ́, ìyẹn kò nira: ẹni tó kọ́ ilé alájà sábúlé kì í sábà gbàgbé jẹnẹrétọ̀. Àtakò tó wúwo ni ti ilé ẹbí, nítorí owó yàrá lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Kí wọ́n fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ná, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé tí ẹni tó kọ́ ọ ṣì wà láyé, tó lè fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sun Ìbẹ̀fun mọ́jú á ráyè lọ wo Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tó tó 160 kìlómítà yípo. Ẹni tó sá padà sí Èkó kò ní débẹ̀.