Ta Ni Yóò Máa Bójú Tó Òkun?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì fi ọ̀ràn òkun àti ọrọ̀ ajé orí omi lé e lọ́wọ́. Adégbóyèga Oyètọ́lá, ẹni tí ó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rí, ni mínísítà àkọ́kọ́ tí a búra fún níbẹ̀. Ohùn àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Inú àwọn kan dùn. Àwọn mìíràn bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ti pọ̀ jù, àti pé ọ̀nà ìnáwó mìíràn ni a tún là sílẹ̀. Ní èrò tèmi, ilé-iṣẹ́ náà yẹ ní dídá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá fún un ṣe ni yóò fi hàn bí ó bá yẹ ní fífi sílẹ̀ pẹ́.

Kí a tó dá a sílẹ̀, ta ni ó ń bójú tó òkun wa? Ọ̀ràn èbúté àti ọkọ̀ ojú omi wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìrìnnà. Ọ̀ràn ẹja wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àjọ tí ń rí sí epo rọ̀bì tí ó bá dà sínú omi, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú àyíká. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń sin ewúrẹ́ kan, ebi ni yóò máa pa ewúrẹ́ náà, nítorí olúkúlùkù yóò rò pé èkejì ti fún un ní oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní àtijọ́, òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ibi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun. Ọkọ̀ ńlá kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Láàárín ọdún 1908 àti 1912, ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun kí ẹnu ọ̀nà náà lè jìn. Ọkọ̀ ńlá wọlé, Èkó sì di èbúté pàtàkì. Ṣùgbọ́n ìgbì etíkun náà a máa kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri náà sì dá iyanrìn dúró. Ilẹ̀ ń gbòòrò sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ní apá ìlà-oòrùn, ní Bar Beach, òkun ń jẹ ilẹ̀ títí omi fi ń ya wọ ojú títì. A da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun sì ń kó o lọ. Àwọn tí ó mọ ògiri náà mọ iṣẹ́ wọn: ọkọ̀ ni a ní kí wọ́n mú wọlé, wọ́n sì mú un wọlé. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò bèèrè ohun tí yóò dé bá àwọn ará apá kejì.

Ìbéèrè yìí gan-an ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tuntun náà. Bí a bá fẹ́ gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, tàbí kọ́ èbúté, tàbí wa epo, òun ni kí ó bèèrè ohun tí yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá bá ẹja, ilẹ̀ àti ènìyàn. Òfin kà á léèwọ̀ fún ọkọ̀ ńlá apẹja láti fa àwọ̀n láàárín máìlì márùn-ún sí etíkun. Síbẹ̀ àwọn apẹja inú ọkọ̀ kékeré a máa ráhùn pé wọ́n ń wá, wọ́n sì ń fa àwọ̀n ya. Ẹni tí ó mọ òfin kò ní ọkọ̀, ẹni tí ó ní ọkọ̀ kò mójú tó ẹja. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó yẹ kí ẹnìkan so ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni owó. Owó tí ń wọlé ní èbúté rọrùn láti kà. Ilé tí òkun gbé lọ kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Òkun ti gba ilé àti ojú pópó níbẹ̀. A ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìlú sì ń rì síbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ òkun bá pa owó rẹpẹtẹ ní Àpápá, tí Ayétòrò sì pa rẹ́, kí ni a ó sọ pé ó bójú tó?

Nítorí náà, ohun méjì ni mo rò pé ó yẹ kí a ṣe. Èkínní, kí òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ẹsẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà múlẹ̀, nítorí ohun tí ààrẹ kan dá sílẹ̀, ààrẹ mìíràn lè tú u ká. Èkejì, kí òfin náà fi dandan lé e pé a kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan létíkun láìjẹ́ pé a gbọ́ ti ẹnu àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Irú èyí kì í ṣe àlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2009 dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010. Ó ń ṣe ètò fún apá òkun kọ̀ọ̀kan, ó sì níláti gba èrò ará ìlú kí ètò náà tó fìdí múlẹ̀.

Àwọn tí ń ráhùn nípa ìnáwó kò jẹ̀bi, nítorí a ti rí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ orúkọ lásán. Ṣùgbọ́n àìní alábòójútó ti ná wa ní ohun tí ó ju owó oṣù àwọn akọ̀wé lọ. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru: sùúrù àti ètò ni a fi ń wà á. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ó jókòó sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ń gbé ní apá kejì ògiri.